Imú Bàtà

Imú bàtà mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́.
Aránbàtà tó wà létí títì Arákàlẹ̀,
Bàbá Fọ́lákìn, tí í fi eyín di ìṣó mú bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà,
yí bàtà iléèwé mi padà, ó tún un yí,
ó ní, "Gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣì le koko. Iwájú nìkan ló jẹ.
Bàtà ẹnìkan ṣoṣo ni mo tíì rí tó ń jẹ báyìí.
Kí ni Akínmọládùn jẹ́ sí ọ?"
Mo ní bàbá mi ni.
Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kan rọ́bà mọ́ ọn, kò gba kọ́bọ̀.

Bàbá mi a máa wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni ń fi ọkọ́ fa ilà sílẹ̀.
Láti ìta la ti ń mọ̀ pé ó ti oko kòkó dé:
fàà, fàà, lórí sìmẹ́ńtì,
orúnkún kan ń há mọ́ èkejì.
Àwọn kan ní ẹmu ni,
bàbá mi tí kì í mu kọjá Bọnfítà!
Àwọn kan ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní oríta.
Pásítọ̀ kan lọ́nà Ìjọ̀kà ní ẹ̀ṣẹ̀ ni.
Ẹ̀ṣẹ̀ kẹ̀? Ẹsẹ̀ ni mo rí.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò bá wọn dá sí i.
Ọjọ́ kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là á fún mi, ó ń ṣa ẹ̀wà:
"Nígbà tí mo ń pọnmi lódò Àlà, ìkòkò mẹ́ta ni mo fọ́ lọ́dún kan.
Wọ́n ní ìwàǹwára ló ń dà mí.
Èmi náà gbà pé ìwàǹwára ni."

Lọ́dún tí kíláàsì wa lọ gun òkè Ìdànrè,
àtẹ̀gùn ogójì ni mo kà kí itan mi tó di igi.
Mo jókòó. Alángbá kan wá jókòó tì mí,
ó ń mi orí sí gbogbo ohun tí mò ń rò.
Àwọn ẹgbẹ́ mi mú ìtàn ààfin àtijọ́ bọ̀ láti òkè.
Èmi, ìtàn alángbá ni mo rí sọ.

Dókítà Adéṣọlápé, obìnrin kúkurú,
fi òòlù rọ́bà kan orúnkún mi;
ẹsẹ̀ ta sókè, díẹ̀ ló kù kó gbá a lágbọ̀n.
Ó ya okùn gígùn kan sẹ́yìn káàdì mi:
"Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ rèé.
Ìsàlẹ̀ okùn ló ń jẹ. Iṣẹ́ ń dé, àmọ́ ó ń pẹ́,
bó bá sì dé, kì í pé.
Kò ní pa ọ́. Kò sì ní fi ọ́ sílẹ̀.
Ogún ni."
Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè.
Ogun ni mo gbọ́.

Bàbá mi kò kọ́lé, kò ra ọkọ̀.
Ilẹ̀ kòkó, àwọn àbúrò rẹ̀ ti tà á kí òkú tó tutù.
Síbẹ̀ mo jogún.
Bùsúyì àbúrò mi kò gba nǹkan kan nínú rẹ̀,
ó ń gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ń ṣú.
Inú mi ń dùn sí i.
Irọ́ ni. Kì í ṣe lójoojúmọ́.

Wọ́n ní, Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́;
ó ní òkè lẹ rí, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.
Èmi wá di ẹni tí kì í wo òkè mọ́.
Lálẹ́ Sátidé, bí mo bá ń kun bàtà Tèmídire,
ọmọ ọdún mẹ́fà,
mo máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ lábẹ́ iná.
Dókítà ní bí ẹni ju kọ́bọ̀ sókè ni.
Lánàá, imú ti ọ̀tún ti ha díẹ̀.
Òkúta ni. Ọmọ wo ni kì í gbá òkúta?

"Màámi, kí lẹ ń wá lábẹ́ bàtà mi?"
Mo ní ẹrẹ̀ ni.
Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kì í bọ ẹsẹ̀, ó sáré jáde.
Mo na ọwọ́ sí ọ̀pá mi,
mo dákẹ́,
mò ń tẹ́tí sí sìmẹ́ńtì.